Ẹ̀rọ Ìgégi Bàbá Àfẹ́sọ́nà Mi

Nàìjíríà ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi ń pè mí. Kì í ṣe pé kò mọ orúkọ mi. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò kàn fẹ́ pè é ni. "Nàìjíríà, jókòó." "Nàìjíríà, ṣé o ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni òun náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tirẹ̀ ti di ẹrù aṣọ wá sí Kumasi ní Ghana. Ṣùgbọ́n Ashanti New Town ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, tí inú bá sì bí i, èdè Twi ló fi ń bínú. Lójú irú wọn, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀ffà dé, àlejò ni mí, àlejò tí wọn kò sì mọ ohun tó lé e kúrò nílé.

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí. Ẹni tí inú rẹ̀ ń tètè ru ni mí. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ di sùúrù sínú àpò kí n tó di aṣọ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ènìyàn kì í bínú nínú ilé wọn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, mo máa ń wọ trotro, ọkọ̀ èrò wọn, láti Santasi, níbi tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fa omi ṣe. Màá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, màá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, màá tún tẹríba fún àbúrò àfẹ́sọ́nà mi obìnrin tí kò tíì jáde ilé ìwé girama, nítorí àna ni àna ń jẹ́, kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Ọmọ náà á sì dúró kó gba ìkíni rẹ̀ pé, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Aránṣọ ni àfẹ́sọ́nà mi, Bantama ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló mú wa mọ ara wa. Mo tún un ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń padà lọ wò ó títí òun fúnra rẹ̀ fi bi mí léèrè bóyá ẹ̀rọ nìkan ni mo wá wò. Èmi àti ẹ̀ ti sọ̀rọ̀, a ti gbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí bàbá rẹ̀ sọ pé kí n mú àwọn ènìyàn mi wá, kí àwọn ẹbí mi lè ti Ọ̀ffà wá tọrọ ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sí ìgbéyàwó. Mo ti bẹ àgbàlagbà kan ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́wẹ̀, ó bá mi lọ síbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tó dùn. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "A ti gbọ́. A ó máa rí ara wa." Láti ìgbà náà ni a ti ń rí ara wa.

Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi obìnrin ti fẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan rí. Ọ̀gbẹ́ni náà lẹ́nu, ó mọ èèyàn kí, ó sì ní òun fẹ́ sáré dé Èkó lọ kó ọjà wá. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń kó ọjà bọ̀. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ti ń sáré kiri inú ọgbà bàbá àgbà rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí aláǹgbá, á sá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n pé ó yé mi kò ní kó má dùn mí.

Ẹni tó tún ń dá kún un ni àbúrò bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré. Táyà ọkọ̀ ló ń tà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Twi pé ẹnu àwọn Nàìjíríà dùn ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ, bí ẹni pé èmi kò gbọ́ Twi. Mo gbọ́ o. Èébú ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ìjì kan jà ní Ashanti New Town tó ṣí páànù ilé púpọ̀. Nínú ọgbà bàbá, ó fa ẹ̀ka dóńgóyárò ńlá kan ya, ẹ̀ka náà sì dábùú ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó rá kọjá lábẹ́ igi. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ilé aládùúgbò ló ti ń lọ wẹ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí rẹ̀.

Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n, me pa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ń gégi."

Bàbá ní, "Èmi ńkọ́? Kí ni mò ń ṣe nígbà tí wọn ò tíì bí àwọn yẹn?"

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì fa àpò ìdọ̀họ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ìgégi ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ igi gígé ni bàbá ṣe títí ó fi darúgbó. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà. Ó ti gégi nílùú òyìnbó kó tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, bàbá sì fi gégi káàkiri ilẹ̀ Ashanti fún ọdún púpọ̀. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, eruku àti epo ti di èépá sí i lára. Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di okùn rẹ̀ mú, ó fà á. Okùn kò mira. Ó tún fà á. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ náà ti kú, ìsìnkú rẹ̀ ló kù.

Mo rí ojú bàbá. Kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tí wọ́n gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹnu mi ti ṣí kí n tó ronú.

"Bàbá, ẹ gbé e fún mi. Mo lè tún un ṣe."

Gbogbo wọn wò mí. Bí mo tilẹ̀ mọ ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, mi ò tíì tú ẹ̀rọ ìgégi rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ẹyin ni, kò ṣeé kó mọ́. Bàbá ní, "Toh. Nàìjíríà, gbé e lọ. Àmọ́ ṣéènì ò bá ẹ lọ o."

Ó tú ṣéènì eléyín tó ń gégi àti irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń sá yí ká kúrò lára rẹ̀, ó kó wọn padà sí yàrá. Àfẹ́sọ́nà mi, tí a jọ wọ trotro, ló ṣàlàyé fún mi lójú ọ̀nà. Láàárín àwọn agégi tí bàbá bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ nìkan ló ń so ṣéènì. Ẹni yòówù tó lè wá gégi, ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ so ó, pẹ̀lú bisimilahi lẹ́nu. Bí ṣéènì bá já tó ṣe ènìyàn léṣe, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní kò burú, èmi kò kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Ó ní, "Saa? Lóòótọ́? O sì ní o lè tún un ṣe?" Mo wo ojú fèrèsé trotro.

Ohun tí mo bá nínú ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kòkòrò tí ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́ ilé sí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde, ilé tó ní yàrá àti pálọ̀. Fílítà ti kún fún èérún igi tó ti pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bẹntiróòlù tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú táńkì ti di nǹkan dúdú tó ń fà yọ̀ọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú. Ẹ̀rọ yìí kì í mu bẹntiróòlù lásán, ńṣe ni wọ́n ń po ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó gbẹ sínú rẹ̀ sì ti di ọ̀dà. Nínú kabúrétọ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yẹ kó máa mí sókè sódò ti gan bí pọ̀nmọ́ tí wọn kò rẹ sómi.

Èyí tó burú jù ni pé inú ẹ̀rọ ti dì, ìdí nìyẹn tí okùn kò fi mira. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo da ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò, mo gbé e jókòó sí igun kan. Iṣẹ́ mìíràn ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú mi ń lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo di ara rẹ̀ mú, mo rọra yí i sí ọ̀tún, mo rọra yí i sí òsì. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi kì í bẹ ẹ̀rọ, èébú ni mo máa ń bú wọn, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ti àna. Ó mira díẹ̀. Mo tún da ọ́ìlì sí i. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, ó ń yí fàlàlà. Inú mi dùn débi pé mo ra wààkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà wọn, fún ara mi pẹ̀lú ẹyin méjì.

Mo lọ sí Mágásínì, níbi tí kò sí irin tí ènìyàn ń wá tí kò ní rí, mo ra awọ kabúrétọ̀ tuntun àti púlọ́ọ̀gì. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo yọ ilé kòkòrò náà kúrò pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà tí ń gbé epo láti inú táńkì ti sán, mo gé òmíràn sí i láti inú rọ́bà jẹnẹrétọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo po epo tuntun, mo fa okùn. Ó wúkọ́. Mo tún fà á, ó sì jí.

Bí mo ṣe ń yọ̀ ni mo gbé e, mo fì í sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fẹ́ gégi. Ó kú. Mo jí i. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, ohùn rẹ̀ gún; bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá ara wa ṣe é títí ọjọ́ fi lọ. Mo tú kabúrétọ̀, mo tò ó padà. Mo tún tú u. Mo sọ sípánà mọ́lẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ náà tí mi ò lè kọ síbí, obìnrin tó ń ta wààkyé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi sì béèrè bóyá ènìyàn wà pẹ̀lú mi nínú ilé. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé, mo dùbúlẹ̀, ojú mi là sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré pé ẹnu wa dùn ju iṣẹ́ wa lọ.

Ibi tí mo ti ń fọ ẹnu ní òwúrọ̀ ni ọgbọ́n dé. Jẹnẹrétọ̀ kì í dùbúlẹ̀. Ibi tí o bá gbé e sí ló ń jókòó sí, nítorí náà rọ́bà rẹ̀ lè le bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgégi ń dùbúlẹ̀, ó ń dorí kodò, ó ń wo òkè. Rọ́bà inú táńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè máa tẹ̀lé epo lọ sí ibi tí epo bá ṣàn sí. Rọ́bà tí mo fi sí i le, ó dúró gbọnrangandan lójú kan, epo ń ṣàn lọ, òun kò tẹ̀lé e. Ìmọ̀ jẹnẹrétọ̀ mi ló ń bá mi jà. Mo wá rọ́bà tó rọ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo jí ẹ̀rọ náà, mo tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́ sí òsì, mo dorí rẹ̀ kodò. Kò kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Mo pe bàbá lórí fóònù. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kankan, mo kàn gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo gbé e padà sí etí, kò sí ohùn níbẹ̀. Mo rò pé ìlà ti já.

Ó ní, "Jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ."

Mo jẹ́ kó tún gbọ́ ọ. Ó ní, "Epo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Dín in kù." Mo fi sukudíráfà yí ìdè kékeré tó wà lára kabúrétọ̀, ohùn ẹ̀rọ sì mú sí i. Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn." Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti tán nìyẹn, pé lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá ti gé ẹ̀ka yẹn tán, ọ̀rọ̀ tí mò ń retí yóò jáde.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé jókòó. Àfẹ́sọ́nà mi wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun bí ẹni pé igi ló ń ṣe ìgbéyàwó. Àwọn aládùúgbò yọjú. Bàbá Kékeré gbé àga rẹ̀ sí ibòji. Bàbá jókòó lórí àpótí, ó tẹ́ aṣọ sórí itan rẹ̀, ó sì gbé ṣéènì jáde nínú agolo karosíìnì tí ó tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ti fi fáìlì pọ́n ọn. Ó fi àtàǹpàkò kan eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣe bisimilahi, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó mú ìdè rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ó fi àpò awọ bò ó, ó sì nà án sí mi.

"Nàìjíríà, gé e."

Mo ṣí àpò awọ kúrò, mo fa okùn, ẹ̀rọ náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Mo gbé e lé ẹ̀ka. Ó ké, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde láti inú igi, ṣùgbọ́n kò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́búlẹ́bú dúdú bí ẹ̀lùbọ́ tó jóná ló ń dà sílẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òórùn jíjóná gba inú ọgbà. Mo pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Eyín ṣéènì máa ń ní ojú mímú ní apá kan ṣoṣo, ojú yẹn ló sì yẹ kó kọ síwájú lórí irin. Gbogbo wọn ti kẹ̀yìn síwájú. Ẹ̀yìn eyín ni wọ́n fi ń họ igi. Bàbá ti so ṣéènì rẹ̀ sódì.

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Lọ́jọ́ náà mo rí i láìgun igi kankan, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo gbé ojú sókè wo bàbá kí n lè fi ojú bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fetí sílẹ̀, ó sì ń wo ọ̀kánkán mi. Àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń wò. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń wò, ó rò pé èmi ni. Nígbà náà ló yé mi ìdí tó fi ń fi àtàǹpàkò kan eyín ṣéènì. Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé yẹn.

Bí mo bá sọ pé wọ́n so ó sódì, gbogbo wọn á mọ ẹni tó so ó. Agégi tó so ṣéènì ara rẹ̀ sódì níwájú ìyàwó, ọmọ, àbúrò àti aládùúgbò, kí ló kù fún un? Bí mo bá sì dákẹ́, èmi tí mo ní mo ti tún ẹ̀rọ ṣe ni ẹ̀rọ kọ̀ fún. Ìyàwó tí mò ń wá wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa. Ó kù síbì kan tí mo gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Bàbá Kékeré nàró. "Hwɛ, ẹ wo Nàìjíríà. Ẹnu wọn dùn paa. Ó ní òun ti tún ẹ̀rọ ṣe, àṣé èéfín ló tún ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó tó. Ara mi gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹnu mi ì bá ti fọ̀. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo fi ara bo ẹ̀rọ náà, mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo yọ ṣéènì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, mo yí i padà, mo so ó bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ bàbá. Mo ṣe bisimilahi sínú.

Nígbà tí mo gbé e padà lé igi, ó wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ iṣu sísè. Èérún igi ń fò jáde, ó funfun, ó rí wínníwínní bí gààrí, òórùn kíkorò dóńgóyárò sì gbòde. Mo gé ẹ̀ka náà sí wẹ́wẹ́. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi rìn wọ balùwẹ̀ rẹ̀ ní ìnàró, ó ń ṣàdúrà fún mi láti inú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ní, "Yoo. Ó ti tó," ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá. Bàbá Kékeré ló sọ ìyókù, ó ní bí mo bá ti gbàgbé ìdajì ẹ̀rọ, ṣé kì í ṣe ìyàwó ni màá gbàgbé tó bá yá.

Àfẹ́sọ́nà mi sìn mí dé ibi tí a ti ń wọ trotro. Kò mú ọwọ́ mi. Ó ní, "O ní o ti parí ẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé o ti parí ẹ̀." Ojú ti í nítorí mi. Òtítọ́ wà ní orí ahọ́n mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, mo sì gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ojú bàbá rẹ̀ kì í ṣe tèmi láti tú síta. Mo wọ ọkọ̀. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, mo sì rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi gé ẹ̀ka tí mo jókòó lé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n wá pàdé òun ní ẹ̀bá títì, kí n má wọ inú ilé, kí n má sì sọ fún ẹnì kankan. Mo bá a lábẹ́ ibòji kíósìkì kan, ó wọ jalàbíà funfun, ó ń kọjú sí ọkọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí mo bọ́ nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá títì. Ó ní, "Dìde. Pe takisí. Bantama là ń lọ, ilé ìwòsàn ńlá."

Nínú takisí, ó yíjú sí mi.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí awakọ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ṣéènì ò le tó ni, sukudíráfà lásán lo máa fi mú un le. Wàá kàn yí ìdè kan, ó tán. Àmọ́ mo gbọ́ nígbà tí o tú nọ́ọ̀tì, mo gbọ́ bí ṣéènì ṣe jáde pátápátá. Ìgbà tí wọ́n bá so ó sódì nìkan lèèyàn ń yọ ṣéènì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Wallahi, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo ti ń tan ara mi pé iná ilé ni ò mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mo fọwọ́ kan ṣéènì yín."

"Wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o sì dákẹ́." Ó fa apá jalàbíà rẹ̀ wálẹ̀. "Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ mi, ẹkún ni wọ́n máa bú sí. Àbúrò mi á ní kí n wá kó ìwé ilé fún òun kí òun bá mi tọ́jú rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Mo ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ó ní àmín.

A jókòó pẹ́ kí wọ́n tó pè wá. Dókítà tan iná sí ojú rẹ̀, ó ní nǹkan funfun kan ló bo ẹyin ojú méjèèjì bí ìkùukùu, pé ó ṣeé ṣí kúrò, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan, tó bá yá wọ́n á ṣe èkejì, yóò sì ríran. Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá ní, "Alhamdulillahi," ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan mú wa jókòó láti ṣàlàyé bí a ó ṣe wá fún iṣẹ́ náà. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé bàbá wá, kó dúró tì í, kó sì máa kán oògùn sí i lójú nílé, kì í sì í ṣe ẹni tí a kàn rí, ẹbí ni. Ó yíjú sí mi, ó bi mí ní Twi irú ẹbí tí mo jẹ́ sí i. Àlejò ni mí? Mẹkáníìkì ni mí? Kí ni wọ́n ń pe àwọn tó kàn ń rí ara wọn?

Bàbá kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Ɔyɛ me ba." Ọmọ òun ni mí.

Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Bàbá tẹ̀ sí mi létí, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé kí n má gbàgbé fìlà rẹ̀ lórí àga. "Pe àwọn ènìyàn rẹ ní Ọ̀ffà. Kí wọ́n máa bọ̀. Mo fẹ́ rí ojú wọn dáadáa tí wọ́n bá dé."

Mo fẹ́ dáhùn, omi ló jáde lójú mi dípò ọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ nù ún, òmíràn tún dé. Nọ́ọ̀sì náà tẹjú mọ́ mi, ó sì béèrè bóyá èmi náà fẹ́ rí dókítà ojú.